Àpótí Ìmọ̀: Kí ni ínṣọ́ránsì "third party" ń san?

Òfin Nàìjíríà pọn ọ́n dandan kí ọkọ̀ tó ń rìn ní títì ní ínṣọ́ránsì third party. Ẹni tí ọkọ̀ náà ṣe léṣe tàbí tí ó ba dúkìá rẹ̀ jẹ́ ló wà fún. Kò kan àtúnṣe ọkọ̀ ẹni tó rà á, ibẹ̀ gan-an ló ń rú ọ̀pọ̀ lójú.

Àpẹẹrẹ: láti ọdún 2023, ₦15,000 ni owó ọdún kan fún ọkọ̀ àdáni, òpin owó tí wọ́n lè san fún dúkìá tó bà jẹ́ sì jẹ́ ₦3,000,000. Ká ní awakọ̀ kan láti Ìràwọ̀ gbá ọkọ̀ akẹ́rù oníṣu lójú ọ̀nà Ṣakí, tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ₦3,400,000. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò yóò san ₦3,000,000. Awakọ̀ yóò wá ₦400,000 tó kù.

Ayédèrú ìwé ínṣọ́ránsì kò lè san kọ́bọ̀, nítorí náà ẹ yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò lórí NIID, àkójọ ìwé ínṣọ́ránsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láti sanwó, ẹ fẹjọ́ sun NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ínṣọ́ránsì.