Bí Ẹran Màlúù Ṣe Ń Dé Ọjà Òkèèrè

Ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní àárín orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Òkè àpáta ńláńlá wà níbẹ̀. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Kútọnu lọ sí Parakou gba inú ìlú náà kọjá. Ilẹ̀ Nàìjíríà kò jìnnà sí i ní ìhà ìlà-oòrùn.

Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ń gbin iṣu àti àgbàdo. Àwọn Fúlàní tí ń bẹ ní àyíká ìlú ń sin màlúù. Àwọn obìnrin wọn ń fi wàrà ṣe wàgàsì, wọ́n sì ń tà á lọ́jà. Àwọn ọkùnrin ń da màlúù lọ síbi tí koríko àti omi wà.

Bí màlúù bá dàgbà, oníṣòwò á wá rà á. Alápatà ìlú á ra díẹ̀. Wọ́n á kó òmíràn lọ sí Kútọnu. Òmíràn á sọdá sí Nàìjíríà, nítorí pé èrò pọ̀ níbẹ̀. Láàyè ni wọ́n ń kó o lọ.

Màlúù ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn. Ẹran tí a ti pa kò ní ẹsẹ̀. Bí ó bá pẹ́ nínú oòrùn, yóò bàjẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ fi ẹran ránṣẹ́ sí òkè òkun gbọ́dọ̀ ní ibi ìpẹran tí ó mọ́, àti ọkọ̀ tí inú rẹ̀ tutù bíi yìnyín.

Ṣùgbọ́n òtútù nìkan kò tó. Ẹni tí ń ra ẹran ní òkèèrè kò rí màlúù náà nígbà tí ó wà láàyè. Kò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ dá. Ẹ̀rí ni ó ń fẹ́.

Nàmíbíà jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 2020, òun ni ó kọ́kọ́ fi ẹran màlúù ránṣẹ́ láti Áfíríkà sí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wá àyè yìí. Ní Nàmíbíà, wọ́n ń fi àmì tí ó ní nọ́ńbà sí etí màlúù. Bí ẹran kan bá ní àléébù, nọ́ńbà yẹn ni yóò fi ọgbà tí ó ti wá hàn. Dókítà ẹranko sì ń yẹ àwọn màlúù wò.

Àrùn kan wà tí ń mú kí egbò yọ sí ẹnu àti pátákò màlúù. Ó ń yára ràn. Bí ó bá wọ agbo kan ṣoṣo, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lè kọ ẹran gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹni tí màlúù tirẹ̀ kò ṣàìsàn á pàdánù pẹ̀lú.

Ta ni ó ń kọ́kọ́ mọ̀ pé màlúù ń ṣàìsàn? Ọmọ tí ń dà á ni. Ó rí èyí tí kò jẹun. Ó rí èyí tí ń da itọ́. Ó rí èyí tí ń tiro. Kí ó má fi pamọ́. Kí ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá á ya màlúù náà sọ́tọ̀, á sì pe dókítà ẹranko.

Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Orúkọ rere ni ó ń ta ẹran ní òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ tuntun
òkèèrè: ibi tí ó jìnnà
pátákò: èékánná ńlá tí ó wà ní ẹsẹ̀ màlúù
tiro: kí a máa rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn

Ìbéèrè
1. Kí ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń ṣe wàgàsì?
2. Kí ni nọ́ńbà etí màlúù wà fún?
3. Bí màlúù yín bá ń tiro, kí ni ẹ máa ṣe?