Púlọ́ọ̀gì Tó Lẹ̀ Mọ́ Ẹ́ńjìnnì

Wọ́n ní kí oníkálukú kọ ohun kan tó kọ́ nílé. Èmi o, púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ ni mo kọ́, ní Ungwan Romi, àdúgbò wa ní Kaduna.

Peugeot 504 station wagon ni bàbá mi ń fi kó ata àti tòmátò. Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ dáadáa. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń tò tẹ́lẹ̀ ní Kaduna níbẹ̀, nílé iṣẹ́ Peugeot tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ara rẹ̀ ni owó iléèwé mi ti ń jáde. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká wọlé, ó ń pẹ́ kó tó dáhùn láàárọ̀, ó sì ń mu epo bí ẹni mu omi. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní ká pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì.

Púlọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Bátìrì 12 volt ni ọkọ̀ ní, ṣùgbọ́n coil máa ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt, kí iná lè fò kọjá àlàfo kékeré tí kò tó mìlímítà kan lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Sìlíńdà mẹ́rin ni 504 ní. Púlọ́ọ̀gì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáyà kan láti ara distributor fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mẹ́ta jáde wẹ́rẹ́. Ìkẹrin kọ̀. Mo ní ká ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà ká fi agbára yí i. Ọ̀gá pariwo mọ́ mi, “A hankali!” Hausa nìyẹn, ìyẹn ni pé rọra. Wọ́n ní aluminium ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn, irin líle ni ara púlọ́ọ̀gì. Tí a bá fipá yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, eyín inú ihò lè bá a jáde, owó orí ẹ́ńjìnnì kì í ṣe owó púlọ́ọ̀gì.

Nítorí náà a dúró kó tutù. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ fọn iyanrìn kúrò nídìí rẹ̀ (ẹ mọ eruku ọyẹ́ Kaduna), kó má baà já sínú sìlíńdà. Wọ́n fín WD-40 sí i, wọ́n lọ jẹ máásà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n yí i sósì díẹ̀, wọ́n dá a padà sọ́tùn-ún, wọ́n tún yí i sósì. Ó ń dún kíín-kíín. Tó bá ti le, wọ́n á tún fín epo sí i. Ó lé ní wákàtí kan kó tó jáde.

Ẹ wo ẹnu púlọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Mẹ́ta tiwa pọ́n bí ewé gbígbẹ, ìyẹn dáa. Dúdú gbígbẹ bí èédú ìdí ìkòkò, epo bẹntiróò ti pọ̀ jù. Funfun, ooru ti pọ̀ jù. Ìkẹrin wa dúdú, ó sì tutù fún epo ẹ́ńjìnnì, ó túmọ̀ sí pé epo náà ń jò wọ sìlíńdà yẹn.

Ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi yí tuntun wọlé, kó tó kan sípánà. Ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá ló fẹ́ dá wáyà padà, àwọn kan pè é, mo bá a ki wáyà náà bọ̀ ọ́.

A ṣáná sí ọkọ̀. Yéè! Ó ń gbọ̀n, ó ń míìsì, ó tún yìnbọn lẹ́nu carburettor, gbàù! Ọ̀gá dojú kọ ọmọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀gá mú pílà onírọ́bà, wọ́n ń yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ (ẹ má dán an wò, iná yẹn lè gbé yín ṣubú, ọkọ̀ ìgbàlódé tó ní coil lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kì í gba irú ìdánwò yìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò). Tí wọ́n bá yọ wáyà tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, sìlíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Kejì àti ìkẹta, ohùn ò yí padà rárá. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì wọn pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ àti ìkẹrin. Tó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì ló bàjẹ́, àìsàn ì bá tẹ̀ lé e lọ. Kò kúrò níbi tó wà. Ó ku wáyà.

1, 3, 4, 2 ni 504 ń tò iná, kì í ṣe 1, 2, 3, 4. Mo ti fi wáyà kejì sí ìkẹta, mo fi ìkẹta sí kejì. Iná ń tàn níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí èéfín ń jáde ló ń tàn.

Mo ní, “Ọ̀gá, èmi ni mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ má bínú sí bọ̀dá.” Bàbá mi kàn wò mí. Ọ̀gá ní kí n dá a padà fúnra mi, ẹ́ńjìnnì sì balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ iṣẹ́ wọn padà láti ìta. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi kúrò.

Lálẹ́, mo fi ọ̀dà èékánná ìyá mi kọ nọ́ńbà sára wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́jọ́ Sunday, ọkọ̀ yẹn náà ló gbé mi wá sí iléèwé.