Ọmọ Sá fún Bàbá Rẹ̀: Ìdáhùn sí Lẹ́tà kan láti Zongo, Niamey

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Sójà ni ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni. Nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Gáḿbíà, mo kúrò ní bárékè, mo kó ọmọ wa wá bá ìyá mi ní Zongo níhìn-ín, níbi tí wọ́n bí mi sí, tí mo sì ti ń ta aṣọ. Lálaalẹ́ ni a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì máa ń sọ fún un pé dáadáa ni gbogbo nǹkan wà. Nígbà tí ó dé fún ìsinmi, Àlàní, ọmọ ọdún mẹ́ta, sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí sójà yẹn máa lọ. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Ní báyìí, ó fẹ́ kí wọ́n fi òun sí àwọn tí yóò tún lọ, kí owó ilé tí ó ń kọ́ lè pé. Ṣé kí n dá a dúró ni, àbí kí n gbà?
Ìyá Àlàní, Zongo, Niamey.

Ìyá Àlàní, aya ẹ̀ṣọ́, aya ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó mú kálámù, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó sá fún bàbá rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú dáhùn. Àdúgbò tí ẹ ti kọ̀wé kò sì ṣàjèjì sí irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí Zongo, tí àwọn Hausa ń pè ní zango, ibùdó tí àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Àwọn òbí yín tí wọ́n ṣí kúrò nílé wá síbẹ̀ mọ bí ó ti ń rí kí ara wà lájò kí ọkàn wà nílé.

N kò ní fi ojú kékeré wo iṣẹ́ ọkọ yín. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, nígbà tí Yahya Jammeh kọ̀ láti gbé ìjọba fún Adama Barrow tí àwọn ará Gáḿbíà dìbò yàn, àwọn ọmọ ogun ECOWAS ni wọ́n wọ ìlú náà, Jammeh sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ogun ńlá bẹ́. Ọkùnrin tí a bá rán lọ ṣọ́ irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ ní ohun tí yóò máa fi yangàn níwájú ọmọ. Ìran wa pẹ̀lú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pẹ́ lójú ogun. Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àgọ́ kò sì tú títí di 1893, pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àgọ́ fi di ìlú, tí àwọn jagunjagun kọ́lé, tí wọ́n dáko, tí àwọn aya wọn bímọ síbẹ̀, tí Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, fúnra rẹ̀ sì kú síbẹ̀ ní 1885. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn wọ̀nyẹn kó ilé lọ bá ogun. Sójà òde òní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn nìkan ni ó kù fún un tí yóò fi máa gbé nílé.

Ohùn yìí gan-an ni n kò fẹ́ kí ẹ fi ṣòfò. Isaac Fadoyebo, sójà ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tí ìbọn bà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ní Bọ́má ní oṣù kẹta ọdún 1944, fara pamọ́ nínú igbó àti lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tí ó ṣàánú rẹ̀ títí di oṣù Kejìlá, kò sì sí ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ lè gbà dé ilé. Ẹ̀yin ń gbọ́ ohùn ọkọ yín lálaalẹ́, "dáadáa ni" sì ni ẹ fi ń dá a lóhùn! Bí ibà bá mú Àlàní, ẹ wí. Bí oníbàárà bá jẹ yín lówó, ẹ wí. Lóòótọ́, kì í ṣe òru tí ó ń lọ ṣọ́nà ni a ń to ìṣòro lé ọkùnrin lórí, ẹ mọ àkókò tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ń sọ fún nígbà gbogbo pé kò sí nǹkan, àlejò ni a sọ ọ́ dà nílé ara rẹ̀.

Ní ti ọmọ, oríkì ni kí bàbá rẹ̀ máa fi jí i. Kí ó fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná, kí ó pè é lórí fóònù ní àfẹ̀mọ́jú, kí omi ìwẹ̀ tó kan ara rẹ̀, kí ó kì í dé orí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹlòmíràn má sì bá a ṣe é. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ "Àlàní, ọmọ Ajílété" láràárọ̀ láti ẹnu ọkùnrin kan ṣoṣo, etí rẹ̀ yóò ti mọ bàbá kí ojú rẹ̀ tó tún rí i.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ dá a dúró. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá pàṣẹ pé kí ó lọ, kí ó gbéra, nítorí sójà kì í bá àṣẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wá ọ̀nà àtilọ nítorí òrùlé àti sìmẹ́ńtì, èrò tèmi ni pé kí ó jẹ́ kí ti ọ̀tẹ̀ yìí kọjá. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé Ògbómọ̀ṣọ́ lè dúró de owó, ẹ̀yin náà ń tajà, ẹ lè gbé nínú ẹrù náà, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta Àlàní kò ní padà wá. Ẹ má fi ẹkún tàbí ìbínú bá a sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà fún un, nítorí mo fura pé kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó bá sì tún gba ìsinmi, kí ó má ránṣẹ́ pè yín sílé. Kí ó wá sí Zongo, kí ó bọ́ aṣọ sójà sílẹ̀ kí ó tó wọlé, kí ó dọ̀bálẹ̀ kí àna rẹ̀, kí ó sì jókòó. Ẹ má fa ọmọ náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ rán àwọn méjèèjì lọ ra nǹkan lọ́jà, kí ẹ sì sọ fún Àlàní pé bàbá kò mọ ọ̀nà, òun ni kí ó mú un lọ́wọ́ dání.