Agọ̀, Ojú àti Orúkọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí agọ̀ eégún ń ṣe ni pé kí ó bo ojú. Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìbora méjì ló wà, ó sì yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọdẹ a máa fara pamọ́ nínú igbó kí ẹran má baà rí i.  Ti eégún kò rí bẹ́ẹ̀: ó bo ojú tirẹ̀ kí gbogbo ìlú lè máa wò ó ni.

Ní Abẹ́òkúta, méjèèjì pàdé lórí igi kan. Ilé Adúgbológe ní Ìtọ̀kò, ìran agbẹ́gilére tí Èṣùbìyí bẹ̀rẹ̀, gbẹ́ orí eégún tó ní etí gígùn bíi ti ehoro, tí irun orí rẹ̀ sì dà sí apá kan bíi ti ọdẹ. Ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó ro irú èrò bẹ́ẹ̀: ó mú ẹni tí ń sá pamọ́ wá sí ojú agbo!

Àmọ́ aṣọ ló dùn mọ́ mi jù. Ní ọ̀pọ̀ agboolé, kì í ṣe ẹnì kan ló ń dá agọ̀. Àwọn ọmọ ilé a máa mú aṣọ tuntun wá, wọn a rán an mọ́ ti àtijọ́, agọ̀ a sì máa wúwo sí i. Orúkọ ta ni à ń pè nígbà tó bá jáde? (Awo ni ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, n kò ní tú u.) Oríkì ilé ni à ń kì. Òwe ní bí egúngún ẹni bá jóore, orí a yá ni. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé orí a yá ẹni tó jó.

Lẹ́yìn tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká ni a tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ọ̀pọ̀ tí ogun kó ni a tà sókè òkun. Àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n dé Freetown ní Sàró, tún dá ẹgbẹ́ eégún sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí kò dé èbúté kankan ńkọ́? Ta ni yóò gbé eégún wọn?

Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Yorùbá tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962. Iṣẹ́ rẹ̀ tó pè ní La Bouche du Roi, tó ṣe láti 1997 sí 2005, ní kẹ́ẹ̀gì 304, irú èyí tí àwọn onífàyàwọ́ fi ń gbé epo bẹntiróòlù. Ó gé wọn: ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu ènìyàn, ìdìmú rẹ̀ di imú. Ó tò wọ́n bí àwòrán ọkọ̀ ẹrú Brookes tí àwọn tó tako òwò ẹrú pín kiri ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1789. Ohùn sì ń jáde láàárín wọn, tí ń pe orúkọ. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ rẹ̀ ní 2007.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀, mo bá ẹlẹgbẹ́ mi kan jiyàn gidigidi pé kò sí ará ọ̀run níbẹ̀, kò sí ijó, kò sí aṣọ. Kẹ́ẹ̀gì lásán ni. Mo ti yí apá kan ọ̀rọ̀ mi padà. Bí a bá ń pe orúkọ, a ti ṣe ìdajì iṣẹ́ eégún. Ìdajì kejì ni n kò tíì rí: ọmọ tí yóò mú aṣọ tuntun wá. Agọ̀ ilé wa ń wúwo sí i, ṣùgbọ́n 304 ni kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn, 304 náà ni wọn yóò máa jẹ́.