Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Magodo Tó Ń Kọ Aròkọ

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin tí ìdánwò WAEC ń bọ̀ wá bá, ẹ gbọ́ tẹnu tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.

1. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí. Bí a bá ní kí ọmọ ṣàpèjúwe ọjà, á ní: "Ọjà náà tóbi, èrò pọ̀ níbẹ̀, ó sì dùn-ún wò." Ọjà wo nìyẹn? Ọjà Mile 12 kò jìnnà sí yín. Tírélà ń já tòmátì láti òkè Ọya, apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ ti ń ṣomi, alábàárù ń ké "ẹ yàgò lọ́nà!", ẹrẹ̀ òjò sì ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ oníbàárà. Apẹ̀rẹ̀ kan péré lẹ bá fi hàn mí dáadáa, mo ti rí gbogbo ọjà. Bákan náà, ìtòsí ni kí ẹ ti wá ìtàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òǹkọ̀wé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣì jẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní nǹkan bí 1961 sí 1962, nígbà tó kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Kò wá ìtàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874, ló gbé sórí ìtàgé. Ẹ̀yin wá ń kọ ìtàn yìnyín tí ẹ kò fọwọ́ kàn rí!

2. Ẹ mọ ibi tí máàkì wà. Nínú aròkọ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n máa ń ní kó tó nǹkan bí 450 ọ̀rọ̀, 50 ni gbogbo máàkì: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, 10 fún kíkọ láìṣàṣìṣe. Ẹni tó bá rò pé gírámà ńláńlá ni 20 yẹn wà fún ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Gbólóhùn tó mọ́ tónítóní ló ń gbà á.

3. Nínú aròkọ alárìíyànjiyàn, ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì náà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tiwa níbí tó àpẹẹrẹ. Ní 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí ìjọba Èkó fún àwọn onílé Shangisha tí wọ́n wó ilé wọn láyé ọjọ́un ní pulọ́ọ̀tì 549. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ náà di ti ọlọ́pàá ní Phase 2 Magodo níbí, gómìnà fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀ ní oṣù kìíní 2022. Ẹni tí wọ́n wó ilé bàbá rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó fowó ra ilẹ̀, tó kọ́lé, tó ń gbébẹ̀, òun náà ní tirẹ̀. Ẹ kọ ẹjọ́ tó lágbára jù lẹ́nu ẹni tí ẹ kò gbè lẹ́yìn, kí ẹ tó dá a lóhùn. Èébú kì í ṣe èsì.

4. Ẹ ka aròkọ yín sókè nígbà tí ẹ bá ń dánra wò nílé. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ẹ tún un kọ.

5. Ẹ má há aròkọ tíṣà lẹ́sìn sórí, ẹ má sì jẹ́ kí fóònù bá yín kọ ọ́. Ẹni tó ń máàkì ka ìwé tó pọ̀. Bí mẹ́wàá bá bẹ̀rẹ̀ bákan náà, ó ti mọ̀. Èyí tó burú jù ni pé ìbéèrè á yí díẹ̀, ọmọ á sì kọ èyí tó há sórí síbẹ̀: wọ́n bi í léèrè ọjà, ó ń ròyìn ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.