Lẹ́tà Láti Afo Nítorí Owó Físíìsì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló ń kí ọ. Ó kí ọ kú àsìkò òjò yìí, ó kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Akùngbá, ó sì kí onílé yín pẹ̀lú, bó tilẹ̀ ti fowó kún owó ilé. Ìyá rẹ kí ọ. Ìyá àgbà kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń fà, ibi tí o fi í sí náà ló wà.

Wọ́n ní o ò fẹ́ gba iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ níbí, pé owó Ìlú Ọba lo ń dúró dè. Kì í ṣe ìyá rẹ ló sọ ọ́ o. Ẹni tó sọ ọ́ mọ ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ti wádìí. Ní Fébúárì 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, Gánà, Jàmáíkà àtàwọn mìíràn láti gba àṣẹ olùkọ́ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè nìkan ni tiwa. Wọ́n tún ya £10,000 sọ́tọ̀ fún olùkọ́ físíìsì àti ti èdè tó bá ṣí wá láti òkè òkun lọ́dún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024 àti èyí tó tẹ̀lé e. Ọ̀ràn ló dé bá wọn. Lọ́dún 2022, nínú ọgọ́rùn-ún olùkọ́ físíìsì tí wọ́n fẹ́ kọ́ níṣẹ́, bíi 17 péré ni wọ́n rí. Wọ́n gbé £27,000 síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e, bíi 17 náà ni wọ́n tún rí!

Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò sọ fún ọ ni pé lẹ́yìn táàmù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń san £10,000 yẹn nígbà náà. Físà ńkọ́? Bàálù ńkọ́? Owó ilé ńkọ́? Ilẹ̀ tí wọ́n ń fà yẹn kọ́ la máa tà.

O lè sọ pé kí ni Nàìjíríà ń fúnni. Ní Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ lọ́dún 2021, ìjọba àpapọ̀, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, kéde ₦75,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba, àti ₦50,000 fún àwọn tó ń kàwé gba ẹ̀rí olùkọ́ NCE. Lọ́dún 2022, òfin gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ dé 65. Ìkéde pọ̀ ju owó lọ nílẹ̀ wa, a ò ní jiyàn lórí ìyẹn. Iye kan náà sì ni wọ́n kéde, ì báà ṣe físíìsì lo ń kọ́ tàbí ìtàn. Báwo ni ìyẹn ṣe máa fa ẹnikẹ́ni sí físíìsì?

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé UPE, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kalẹ̀ lọ́dún 1976, wọ́n ń wá olùkọ́ bí ẹni ń wá omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjọba ló ń sanwó fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ jẹ nínú owó náà. Ìṣirò rọrùn fún un, wọ́n sì ní kó padà sílé wá kọ́ àwọn ọmọ. Ó yarí. Ọ́fíìsì tó ní fáànù lókè ló wù ú. Olùkọ́ Bíbélì ló ń fi tipátipá kọ́ kíláàsì ìdánwò ní ìṣirò lọ́dún náà, bàbá tó bí ọ sì wà níbẹ̀. O mọ bó ṣe já sí. O mọ ìdí tó fi jẹ́ ìdí mọ́tò ló ti tọ́ ọ dàgbà. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí títí ó fi kú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń béèrè pé kí olùkọ́ ti lo ọdún kan, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó gbàwé ẹ̀rí, kó sì mú ẹ̀rí wá láti ọ̀dọ̀ àjọ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ti Nàìjíríà, TRCN ni. Ibo lo fẹ́ ti lo ọdún náà, orí bẹ́ẹ̀dì? Wá lò ó ní Afo. Bí o bá ṣì fẹ́ lọ lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ á bínú, á sì bá ọ wá owó físà.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ní àyè ṣì wà títí táàmù tuntun. Owó mọ́tò rẹ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ. Má dá a padà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ