Ta Ni Yóò Bá Ìyá Ọmọ Gbé E? Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ Ọmọ Kékeré Nínú Ilé

Hùtúbà Jímọ̀ tí Lemọ́mù wa ṣe, tí a kọ sílẹ̀ fún àǹfààní ìjọ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó kọ́ Ànábì Ádámọ̀ ní orúkọ ohun gbogbo. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìgbéǹde. Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún yín, ẹ̀mí ara mi ni mo sì kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Aláásàrì, arábìnrin wa kan dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí yìí. Ọmọ mẹ́ta ni ó kó dání. Àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún méje, àbíkẹ́yìn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tí ó ti mú àgbà yìí kúrò ní ilé-ìwé, tí ó sì ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀ nínú ilé ní ìlú London yìí. Ó ní: "Ààfáà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo yín ni ẹ kí mi kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan tí ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ dá ọmọ padà sí ilé-ìwé, ojú sì ń tì mí láti ṣe é." N kò rí èsì kankan fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí n sọ fún un nígbà náà ni mo fẹ́ sọ lónìí, ní etí gbogbo wa.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, àmánà ni ọmọ. Ànábì wa kọ́ wa pé orí àdámọ́ tí ó mọ́ ni a ń bí gbogbo ọmọ sí, àti pé ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ ni yíyípadà rẹ̀ ti máa ń wá. Ó tún kọ́ wa pé olùṣọ́ ni olúkúlùkù wa, a ó sì bi wá léèrè nípa ohun tí a fún wa ṣọ́. Bí a bá ka Súrà Lùkúmánù, a ó rí bí ẹ̀kọ́ ilé ti tò tẹ̀léra: ìmọ̀ Ọlọ́hun kan ṣoṣo ni ó ṣáájú, ìrun kíkí àti sùúrù ń bọ̀ lẹ́yìn, títí dé orí bí ènìyàn ṣe ń rìn àti bí ó ṣe ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ẹni tí ń kọ́ni nínú súrà náà. Bàbá ni. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ pé, "Ìyàwó mi ni ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ," Lùkúmánù ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ibi tí a ti ń kọ́ ọmọ kì í sì í ṣe orí àga nìkan. Umar ọmọ Abu Salamah jẹ́ ọmọdé lábẹ́ ìtọ́jú Ànábì. Bí wọ́n ti ń jẹun, ọwọ́ rẹ̀ ń káàkiri inú àwo. Ànábì kò lù ú, kò sì lé e kúrò nídìí oúnjẹ. Ó kọ́ ọ pé kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí ó sì jẹ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó rí gbà nídìí àwo oúnjẹ kan, ọmọ náà kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi dàgbà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde níbí lọ sọ pé Lemọ́mù ní èèwọ̀ ni ilé-ìwé. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé ni àwọn ọmọ tèmi lọ. Mo mọ ìdílé tí tọkọtaya ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń fi ojú oorun wọlé ní àárọ̀. Bí irú wọn bá ní àwọn yóò máa kọ́ ọmọ nílé, oorun ni ọmọ náà yóò máa wò. Ẹni tí tíṣà ṣẹ̀, tí ó fi ìbínú fa ọmọ rẹ̀ jáde, kí ó jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rọ̀ ná. Ní ti ẹni tí ó dá ọmọbìnrin rẹ̀ dúró sílé kí ó lè máa tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀, tí ó wá ń pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́ ilé, àbòsí ni ó ń ṣe, Ọlọ́hun yóò sì bi í.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti òfin, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa, àwọn mìíràn sì wà tí kò bẹ̀rù rẹ̀ tó. Ní ilẹ̀ England, abala keje Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1996 fi í lé òbí lọ́rùn pé kí ọmọ rẹ̀ tí ó ti tó ọjọ́ orí ẹ̀kọ́ gba ẹ̀kọ́ kíkún tí ó bá ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ mu, yálà ní ilé-ìwé tàbí ní ọ̀nà mìíràn. Inú "ọ̀nà mìíràn" yẹn ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ń kọ́ ọmọ nílé wà. Ọjọ́ orí náà bẹ̀rẹ̀ ní táàmù tí ó tẹ̀lé ìgbà tí ọmọ bá pé ọdún márùn-ún. Òfin náà kò ní kí òbí jẹ́ tíṣà tí ó gba ìwé-ẹ̀rí, kò sì ní dandan ni kí ó tẹ̀lé ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba là sílẹ̀ fún ilé-ìwé.

Bí orúkọ ọmọ bá ti wà ní ilé-ìwé, ẹ má kàn dá a dúró sílé. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ilé-ìwé ni yóò fi tó káńsù létí. Ọmọ tí káńsù bá fi sí ilé-ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n nílò àkànṣe ìtọ́jú kò ṣeé mú kúrò láìjẹ́ pé káńsù fọwọ́ sí i. Bí káńsù bá kọ̀wé béèrè irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbà, ẹ dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá rí i pé ọmọ kò rí ẹ̀kọ́ tí ó yẹ gbà, wọ́n lè pàṣẹ kí ó padà sí ilé-ìwé. Ẹ máa kọ ohun tí ọmọ ń ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ìlà mẹ́ta ti tó. Òfin a sì máa yí padà, nítorí náà ẹ béèrè bí ó ti rí lọ́dún tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ti owó, ẹ má retí rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Àpò òbí ni ìwé àti ohun èlò ti ń jáde, títí dé owó ìdánwò GCSE nígbà tí ọmọ bá dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ arábìnrin wa. Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí ó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi: ó gbé ilé-ìwé wọ inú pálọ̀. Ó ra tábìlì, ó ra agogo, ó sì ní láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ di aago mẹ́ta ọ̀sán, kò sí ẹni tí yóò dìde. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ọmọ ń sunkún, ìyá pàápàá ń sunkún. Tíṣà tí ó ní ọgbọ̀n ọmọ níwájú yóò lo ọ̀pọ̀ àkókò láti tò wọ́n sórí ìlà àti láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìyá tí ó ní ọmọ kan tàbí méjì kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Fún ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, wákàtí kan sí méjì lórí ìjókòó lóòjọ́, tí a pín sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lè gbé iṣẹ́ púpọ̀. Ìyókù ọjọ́ kì í ṣe òfo. Inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ìdí àwo oúnjẹ wà.

Ẹ fi Kùránì ṣáájú, nígbà tí orí ọmọ ṣì tutù: Fátíhà, lẹ́yìn náà àwọn súrà kéékèèké tí ó wà ní ìparí. (Ẹ mọ̀ pé ní ìgbà ẹ̀rùn London, Súbúhì àti oúnjẹ àárọ̀ jìnnà síra wọn, ẹ jẹ́ kí ọmọ sùn padà.) Ẹ̀yin tí ẹ fi wàláà àti tàdáwà kọ́ kéwú rántí pé etí ni ó kọ́kọ́ gbà á kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkà Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà, kí ẹ sì máa ka ìwé sí i létí lójoojúmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kan náà ni ó ń béèrè fún lálẹ́ ọjọ́ méje.

Ní ti ìṣirò, ẹ̀wà tútù àti abọ́ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Èdè wa pàápàá sì jẹ́ olùkọ́. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ẹ́rìndínlógún ni ogún tí a yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀ ti ń ṣe ìyọkúrò kí ẹnikẹ́ni tó fi àmì rẹ̀ hàn án nínú ìwé. Mo ń sọ èyí nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa níbí ni kò lè bá ìyá àgbà wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ju "Ẹ káàárọ̀ mà" lọ. Òbí tí ó wà nílé pẹ̀lú ọmọ ní gbogbo ọjọ́, tí ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá a sọ̀rọ̀, ti pàdánù ohun tí ilé-ìwé kankan kò lè bá a rà padà.

Wàyí o, ìrànlọ́wọ́. Ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó mọ ilé Ànábì ròyìn pé ó máa ń ṣe iṣẹ́ ilé, ó sì máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún bàtà rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin bàbá, bí ẹ kò bá lè kọ́ni lọ́sàn-án, ẹ gba òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ìyá wọn lè sùn.

Arákùnrin kan bi mí bóyá ó tọ́ kí Mùsùlùmí darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn òbí tí kì í ṣe Mùsùlùmí nítorí ẹ̀kọ́ ọmọ. Nígbà tí ogun Badr parí ní ọdún kejì Híjírà, àwọn kan wà nínú àwọn ará Mẹ́kà tí a mú lóǹdè tí wọn kò ní owó ìtúsílẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀wé kọ. Ìtàn fi yé wa pé Ànábì ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Mẹ̀dínà ní ìwé kíkọ, kí ìyẹn jẹ́ owó orí wọn. Bọ̀rìṣà-bọ̀rìṣà tí ó gbógun tì wá ni wọ́n. Aládùúgbò tí ó ń kí wa kú àárọ̀ ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan wà tí a ń pè ní Education Otherwise, tí ó ti wà láti ọdún 1977; inú gbólóhùn òfin tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, nítorí ó ti wà nínú òfin ọdún 1944 kí ti 1996 tó dé. Wọ́n máa ń ṣàlàyé ẹ̀tọ́ òbí. Ilé ìkàwé àdúgbò ń yá ọmọ ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. A kì í sì í gba owó ìwọlé ní Natural History Museum àti Science Museum ní South Kensington. Ẹ lọ ní àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí èrò kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wá ìdílé méjì tàbí mẹ́ta tí ọmọ wọn jẹ́ ẹgbẹ́ tiyín. Ọmọ nílò ọ̀rẹ́, ìyá náà sì nílò àgbàlagbà kan tí yóò bá sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Opó ni ìyá Lemọ́mù Sáfíì. Ó gbé e láti Gásà lọ sí Mẹ́kà nígbà tí ó ṣì kéré, kò sì ní owó tí yóò san fún olùkọ́. Wọ́n ròyìn pé olùkọ́ náà gbà kí ọmọ náà máa kẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì máa bá òun mójú tó àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dípò owó. Orúkọ Sáfíì ni gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn kò bá rí ẹni kan tí ó gbà á mọ́ra ní Mẹ́kà, kí ni ì bá ṣe?

Ẹ̀yin ìjọ, àwa ni a jẹ̀bi arábìnrin wa, èmi ni mo sì kọ́kọ́ jẹ̀bi. A kí i kú iṣẹ́, a kò bá a ṣe é. Yàrá ìsàlẹ̀ mọ́sálásí yìí ṣófo láti Àtìní títí di Àlàmísì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ìyá wa àgbà tí ẹ ń ráhùn pé kò sí ẹni tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀yin ni ẹ mọ ààlọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ oríkì.

Nítorí náà, láti Àlàrùbá tí ń bọ̀, yàrá náà yóò wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di aago méjìlá fún àwọn òbí tí ń kọ́ ọmọ nílé. Kí òbí kọ̀ọ̀kan dúró ti ọmọ rẹ̀. A kò ní gba ọmọ tí a já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọ́dọ̀ di ilé-ìwé, nítorí ibikíbi tí a bá ti ń fún ọmọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ti tó ọjọ́ orí ẹ̀kọ́ ní ẹ̀kọ́ kíkún, dandan ni kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti ṣe é láìforúkọsílẹ̀. Àwọn ìyá méjì ti gbà láti se oúnjẹ. A ṣì ń wá ẹni tí ó mọ ìṣirò dáadáa, àti ẹni tí ó ní ọkọ̀ lọ́jọ́ Àlàrùbá.

Arábìnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàrin yín lónìí. Ó gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò gbà kí n dárúkọ rẹ̀. Kò tíì mọ̀ bóyá òun yóò máa bá a lọ, tàbí òun yóò dá ọmọ padà sí ilé-ìwé ní oṣù September. Èyí tí ó bá yàn nínú méjèèjì, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí i.

Ọlọ́hun, fún un ní ìsinmi, fi ohun tí ó sàn jù fún ọmọ rẹ̀ hàn án, kí O sì fi orí jì wá lórí ọdún tí a fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Àmín. Ẹ dìde, ẹ to sáfù yín.